Bí ẹ ṣe lè fi orúkọ kan tajà láìta súpámákẹ́ẹ̀tì yín fún ẹnikẹ́ni

Téèyàn bá rí pátákó kan náà níwájú súpámákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé olówó kan ló ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í rí bẹ́ẹ̀ o. SPAR tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, orílẹ̀-èdè tó wà lé ní 40, ṣọ́ọ̀bù tó ń lo àmì igi yẹn sì ju 13,000 lọ, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ló ni ín, òun ló ń sanwó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tó bá jèrè òun ló jẹ ẹ́, tó bá sì kó sí gbèsè òun náà ló máa wá bó ṣe máa jáde. Orúkọ àti ọjà rírà ni wọ́n jọ ní. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì tiyín ṣe lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín dá irú ẹ̀ sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wọ inú èyí tó ti wà nílẹ̀, tí kò fi ní di pé lẹ́yìn ọdún méjì ẹ ò kí ara yín mọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ò ju iye tí wọ́n ń ta ọjà fún yín lọ. Ẹni tó ń ra páálí ọṣẹ 30 ò lè gba iye tí ẹni tó ń ra 3,000 ń gbà á, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ kọ́ńpìnì tó, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín sí yín ni. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ní Amẹ́ríkà, A&P nìkan ní ṣọ́ọ̀bù tó ju 15,000 lọ, ẹ wá fojú inú wo onísọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó dá dúró ládùúgbò tí A&P ṣí síwájú ẹ̀. Ohun tí J. Frank Grimes rí nìyẹn tó fi dá IGA sílẹ̀ lọ́dún 1926. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe fáwọn oníhóósèlì, ìyẹn àwọn tó ń ta ọjà lọ́pọ̀ fáwọn onísọ́ọ̀bù, ojú ẹ̀ ló ṣe báwọn kéékèèké ṣe ń kógbá wọlé, ó wá sọ fún wọn pé kí olúkúlùkù di ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mú, àmọ́ kí wọ́n jọ máa ra ọjà, kí wọ́n jọ máa polówó, kí wọ́n sì jọ máa jẹ́ orúkọ kan. IGA ṣì wà dòní.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé orúkọ làwọn èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n ti ń jiyàn lórí kọ́lọ̀, ṣé ká fi pupa sí i ni àbí gríìnì, ẹnì kan ti mọ ẹni tó máa ń ṣe àmì, wọ́n ti dáwó, wọ́n ti tẹ náílọ̀nù, wọn ò sì tíì jọ ra páálí kan ṣoṣo rí láyé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn Edeka ní Jámánì, ọdún 1898 làwọn oníṣòwò kan ní Berlin dá ẹgbẹ́ ìrajà wọn sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un gùn débi pé ẹnu á kọ́ yín kẹ́ ẹ tó pè é tán, lẹ́tà E, d àti K tí wọ́n yọ níbẹ̀ ni wọ́n wá ń pè bó ṣe ń dún, ìyẹn Edeka, ọdún 1911 ló sì tó wá di orúkọ tí wọ́n ń lò. Ọjà rírà ni wọ́n fi ṣáájú. Àwọn ni súpámákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ní Jámánì báyìí.

Tó bá jẹ́ ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ fẹ́ ṣe, ohun tí kálukú máa mú wá ni ínfọ́ìsì oṣù mẹ́ta tó kọjá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o, ínfọ́ìsì gan-an. Ẹ kó o sórí tábìlì, kẹ́ ẹ mú ọjà bí ogún tí gbogbo yín jọ ń tà, kẹ́ ẹ wá kọ iye tí kálukú ń rà á sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ máa ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń pariwo pé òun mọ ọjà rà jù lẹ máa rí i pé òun ló ń rà á wọ́n jù, inú ẹlòmíì á sì bà jẹ́ pé ọdún mẹ́rin lòun ti ń ná owó gọbọi sọ́wọ́ ẹni tó ń pe òun ní ọ̀rẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun ò lè fi ínfọ́ìsì òun han ẹnikẹ́ni, ẹ fi pẹ̀lẹ́ kí i pé ó dàbọ̀, torí kò sí bó ṣe máa ṣe é tẹ́ ẹ bá dé ibi tó le.

Àwọn wo lẹ máa mú? Àwọn tí kò sí lójú títì kan náà pẹ̀lú yín. Ẹni méjì tó ń du kọ́sítọ́mà kan náà ò lè jọ jẹ́ orúkọ kan kó rọrùn, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa fura sí ara wọn, ẹ ya máàpù sórí ìwé kẹ́ ẹ sì fi ààlà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mẹ́ńbà kan ló máa wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, kí wọ́n sún mọ́ra ní títóbi. Tí ẹnì kan bá ń ra ju gbogbo ẹ̀yin tó kù lọ lápapọ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹgbẹ́, òun ló ni ín, ọjọ́ tó bá bínú jáde ọjọ́ náà ni iye ọjà yín máa padà sí bó ṣe wà. Àwọn E.Leclerc ní France mọ̀ bẹ́ẹ̀, Édouard Leclerc ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Landerneau lọ́dún 1949, òfin wọn ni pé mẹ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ ní ju ṣọ́ọ̀bù méjì lọ, ẹni tuntun ò sì lè kàn ṣàdédé wọlé, ẹni tó ti wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fà á lé wọn lọ́wọ́. Òfin ṣọ́ọ̀bù méjì yẹn wù mí gan-an. Ó máa dun àwọn kan, òótọ́ ni, àmọ́ òun ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan di ọ̀gá lórí gbogbo yòókù.

Wàyí o, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè lọ bá orúkọ tó ti wà kí wọ́n fún yín láyè láti lò ó. Ẹ lè jẹ́ kí oníhóósèlì kan kó yín jọ, òun ló ni ọjà, òun ló ni wíáháòsì (ilé tí wọ́n ń kó ọjà sí), ẹ̀yin á máa rà lọ́dọ̀ ẹ̀. Tàbí kẹ̀yin fúnra yín dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jọ ní wíáháòsì. SPAR ti oníhóósèlì ni, Adriaan van Well tó dá a sílẹ̀ ní Netherlands lọ́dún 1932, oníhóósèlì lòun. Ti àwọn tó dá tiwọn sílẹ̀, ẹ wo Wakefern ní New Jersey, àwọn onísọ́ọ̀bù bíi mélòó kan ló kóra jọ lọ́dún 1946, olúkúlùkù fi $1,000 sílẹ̀, wọ́n já orúkọ ara wọn wẹ́wẹ́ láti fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́, àwọn ló ni orúkọ ShopRite ní Amẹ́ríkà. (Kì í ṣe Shoprite ti South Africa o, wọn ò bá ara wọn tan rárá, ọ̀tọ̀ lẹni tó ni ìkọ̀ọ̀kan.)

Èwo ló dáa jù? Ti oníhóósèlì yá jù, ẹ ò ní wá owó wíáháòsì, ẹ ò ní wá lọ́rì. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó kọ ìdáhùn ẹ̀ sínú ìwé. Ta ló ni orúkọ? Ìdá mélòó nínú ọjà mi ni mo gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ yín? Owó tí kọ́ńpìnì bá dá padà fún yín lópin ọdún torí iye tí gbogbo wa rà, ṣé a máa rí nínú ẹ̀? Tó bá ti ń kólòlò lórí ẹ̀kẹta, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí owó tí wọ́n ń dá padà yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń kú sí. Iye tó wà lórí ínfọ́ìsì nìkan kọ́ ni ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá rà tó báyìí láàárín ọdún, àwọn á dá iye kan padà. Wọ́n tún máa ń sanwó kẹ́ ẹ lè gbé ọjà wọn síbi tí ojú ti máa tètè rí i, àti owó ìpolówó. Owó yẹn kì í bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọ́físì ẹgbẹ́ ló ń bọ́ sí. Ká ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án lẹ jẹ́, gbogbo yín ra páálí 6,000 lọ́dún, kọ́ńpìnì wá fún yín ní páálí 180 lọ́fẹ̀ẹ́ lópin ọdún. Ẹni tó ra 1,200 á ní tòun gbọ́dọ̀ jẹ́ 36, ìṣirò ẹ̀ sì tọ̀nà. Ẹni tó ra 300 á ní ṣebí bákan náà la jọ jẹ́ mẹ́ńbà, ká pín in dọ́gba, ìyẹn 20 fún kálukú. Akọ̀wé á ní ẹ jẹ́ ká tà á ká fi owó ẹ̀ sanwó ọ́físì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹjọ́ rò! Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí páálí 180 bá ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pinnu, ìjà ni. Ẹ pinnu ẹ̀ nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan nílẹ̀, tí ojú gbogbo èèyàn ṣì mọ́. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ yọ iye kan pàtó fún ọ́físì, kẹ́ ẹ sì pín yòókù gẹ́gẹ́ bí iye tí kálukú rà, kí ìwé ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún mẹ́ńbà èyíkéyìí tó bá fẹ́ wò ó, ìgbàkígbà, láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ra ọjà àkọ́kọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà ogún, ẹ mú mẹ́ta péré, àwọn tí kì í bàjẹ́ kíákíá, bí ọṣẹ, tíṣù, bátìrì. Gbogbo yín kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, ká sọ pé ó jẹ́ páálí 520, kọ́ńpìnì sì ti ní láti 500 lọ sókè làwọn á dín iye ẹ̀. Lọ́rì dé láàárọ̀. Ẹni tó kọ 60 wá ń fi ọwọ́ nu orí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ọjà ò yá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fún mi ní 35 ná." Ta ló máa gbé 25 tó kù? Tó bá jẹ́ pé wọn ò tíì sanwó, ó ti di pé 495 lẹ rà, ẹ̀dínwó ti lọ, gbogbo èèyàn ló jìyà ẹ̀ torí ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí owó wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ kí wọ́n tó pe kọ́ńpìnì rárá, kò sí "mo ń bọ̀ wá san", kò sí "ẹ fi tiyín bá mi dí i". Ẹni tí owó ẹ̀ ò bá tíì wọlé di ọjọ́ tẹ́ ẹ dá, ẹ yọ orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún iye ṣírò. Á kọ́kọ́ bínú. Nígbà kejì òun ló máa kọ́kọ́ sanwó.

Bákan náà, kẹ́ ẹ yan ẹnì kan tó máa dúró tì lọ́rì pẹ̀lú ìwé, kó máa ka páálí bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń gbé tiẹ̀ lọ sì fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ya tàbí tó tutù, ẹ kọ ọ́ níbẹ̀ níṣojú awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kí lọ́rì lọ tán, ẹjọ́ yín ni. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà, nínú gáréèjì ẹnì kan tàbí ibi tẹ́ ẹ bá rí, ẹ má tíì gba wíáháòsì. Wíáháòsì jẹ́ owó iná, owó ọlọ́dẹ, ọjà tó jókòó, ẹni tó ń kọ̀wé, ó sì máa ń wù àwọn alága láti ní in torí ó dà bí nǹkan ńlá lójú. Ẹ jẹ́ kí ọjà fúnra ẹ̀ kún gáréèjì ná.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìwé àdéhùn. Ẹ gba lọ́yà, ẹ má daakọ ti ẹlòmíì. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: iye tẹ́ni tuntun máa san kó tó wọlé, ìdá mélòó nínú ọjà ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rà nípasẹ̀ ẹgbẹ́ (tó bá kéré jù ẹ ò ní lágbára, tó bá pọ̀ jù ẹ ti sọ ọ́ di ẹrú), báwọn èèyàn ṣe máa dìbò, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mẹ́ńbà bá fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tàbí tó bá kú. Lórí ìbò, mẹ́ńbà kan ìbò kan ló tẹ́ mi lọ́rùn, mo mọ̀ pé àwọn tó tóbi á ní ìyà ń jẹ àwọn, àmọ́ wọ́n ti gba tiwọn nínú owó tí wọ́n dá padà yẹn. Ti títa ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ pé àwọn mẹ́ńbà ló máa kọ́kọ́ ní àǹfààní láti rà á ní iye tẹ́ni ìta fẹ́ san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ kan lẹ máa jí rí i pé alágbára tẹ́ ẹ torí ẹ̀ kóra jọ ti ra mẹ́ta nínú yín.

Orúkọ wá kàn báyìí. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kì í ṣe orúkọ alága, kì í ṣe orúkọ ẹni tó san owó fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí owó ò sí lápò ẹgbẹ́. Kí ó kúrú, kó rọrùn láti pè, kó má jọ orúkọ mẹ́ńbà kankan. SPAR bẹ̀rẹ̀ bíi DESPAR, lẹ́tà tí wọ́n yọ nínú gbólóhùn kan lédè Dutch ni, tó ń sọ pé táwọn bá fìmọ̀ ṣọ̀kan ṣiṣẹ́, gbogbo àwọn ló máa jèrè déédéé, "de spar" sì tún jẹ́ orúkọ igi kan lédè wọn, ibẹ̀ ni igi ara pátákó wọn ti wá. Ní Italy, Despar náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò nílò láti mọ gbólóhùn yẹn kó tó wọlé ra nǹkan, igi yẹn ti tó.

Tí pátákó bá ti gòkè, kọ́sítọ́mà ò mọ̀ pé mẹ́sàn-án lẹ jẹ́. Lójú tiẹ̀, ilé kan náà ni. Tó bá ra wàrà tó ti kọjá ọjọ́ lọ́wọ́ mẹ́ńbà kẹta, ẹ̀yin mẹ́ńbà keje ló máa bú tó bá rí pátákó yín. Nítorí náà ẹ pín nǹkan sí méjì. Èyí tó gbọ́dọ̀ rí bákan náà níbi gbogbo: pátákó, yúnífọ́ọ̀mù, náílọ̀nù, ìmọ́tótó, fíríìjì tó ń tutù dáadáa, ọjọ́ tó wà lára ọjà, bí wọ́n ṣe ń gba ọjà padà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà. Èyí tí kálukú lè ṣe bó ṣe wù ú: ọjà tádùúgbò ẹ̀ fẹ́ràn, wákàtí tó ń ṣí, orin tó ń gbé sí i, bó ṣe ń bá àwọn èèyàn ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má gba ti kejì yìí lọ́wọ́ wọn, torí òun ni ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi ju àwọn ńláńlá yẹn lọ, pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wà nídìí ẹ̀, ó sì mọ kọ́sítọ́mà lórúkọ. Ti àkọ́kọ́, ẹ rán ẹni tí wọn ò mọ̀ lọ máa ra nǹkan níbẹ̀ lóṣooṣù, kó wo ọjọ́ ara ọjà mẹ́wàá, kó fọwọ́ kan fíríìjì, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má rán mẹ́ńbà sí mẹ́ńbà o, ìjà lẹ ń wá yẹn.

Iye tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ò gbà kí àwọn tó dá dúró jókòó pọ̀ kí wọ́n fẹnu kò pé iye báyìí la máa ta nǹkan, orúkọ kan tẹ́ ẹ jọ ń jẹ́ ò sọ pé ẹ̀yin àtàwọn yòókù ti di kọ́ńpìnì kan ṣoṣo lójú òfin. Jíjọ rà ni gbogbo ètò yìí dá lé, kálukú ni kó fi iye tiẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé ìpolówó tó ní iye nínú, ẹ fi han lọ́yà ná, ẹ má fi han ẹni tó ń tẹ̀wé nìkan.

Ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ fi orúkọ ara yín sí lára, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún kejì tàbí ìkẹta. Èrè wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ tí nǹkan bá ṣe ọjà yẹn ẹ ò ní rí kọ́ńpìnì tí kọ́sítọ́mà máa bú, ẹ̀yin ló máa bú. Tíṣù ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi, tíṣù kì í pa èèyàn.

Ohun kan wà táwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́, ẹgbẹ́ yìí máa jẹ àkókò yín. Ní Intermarché ní France, táwọn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́, àwọn fúnra wọn ló ń bójú tó ọjà rírà àti lọ́rì. Ọjọ́ méjì pọ̀, mo gbà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba mánéjà tẹ́ ẹ sì lọ sùn, mánéjà yẹn ló máa di ọ̀gá yín, á sì máa ra ohun tó rọrùn fún un láti rà. Ìdajì ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún mẹ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá lè wá kó rán ẹni tó lè ṣèpinnu, kì í ṣe ọmọ tó máa kàn wá jókòó.

Ó ku ti ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹ kọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ràn ara yín: oṣù mélòó ló gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀, ìgbà wo lẹ máa dá owó ẹ̀ padà (ẹ má sọ pé lójú ẹsẹ̀, ẹ lè má ní in lọ́wọ́), àti ìgbà tí pátákó gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Fún pátákó, ọgbọ̀n ọjọ́ ti tó. Kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pátákó ìwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ara mọ́tò, náílọ̀nù tó kù nílẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù, orí ríséètì inú kọ̀ǹpútà, torí ẹni tó ń bínú lọ lè sọ pátákó kalẹ̀ lóòótọ́ kó sì máa fi náílọ̀nù yín di ọjà fún kọ́sítọ́mà fún ọdún kan gbáko. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ra náílọ̀nù tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ní iye tó rà á. Ẹ tún pe ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún un pé láti ọjọ́ yẹn lọ, tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá wá, kó má tẹ̀ ẹ́ fún un mọ́.